Bí Mo Ṣe Fi Kílò 97 Wa Káàtì Lábẹ́ Òrùlé

Níbi ìdíje káàtì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí a fi ń sáré ìje, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ mú ọ. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi kí n tó forúkọ sílẹ̀. O ti wọ aṣọ awakọ̀ tán, akoto ti wà lábẹ́ abíyá, o rò pé ọkọ̀ ló kàn, ni wọ́n bá ní kí o gun òṣùwọ̀n níwájú gbogbo èrò. Ọmọkùnrin tó ṣáájú mi wọn kílò 64. Èmi wọn 97. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mo sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín: ẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa fẹ́ lò lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju ti ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ.

Ẹ̀fẹ̀ kọ́ o. Honda GX ni wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó káàtì náà, ọmọ ìyá èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fa omi odò sóko nílé. GX160 tó jẹ́ 163 cc, agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin 6. Kò ní jíà, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, ẹsẹ̀ òsì wà lórí bíréèkì, ó parí. Bí eré yìí ṣe ṣẹ̀ náà nìyẹn: lọ́dún 1956, ní Kalifọ́níà, Art Ingels gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìgékoríko lé orí páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀, ó jókòó lé e, ó ń sáré kiri. Ibẹ̀ ló ti di ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ Formula 1, ìdíje mọ́tò tó lókìkí jù lágbàáyé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Lewis Hamilton, gbajúmọ̀ awakọ̀ Formula 1, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje káàtì ní Rye House, lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ní 1993. Èmi ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sínú tèmi, kí ẹnikẹ́ni má retí mi ní Silverstone, pápá Formula 1 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi iṣẹ́ ló kó wa lọ síbi káàtì nígbà kan láti ṣe fàájì ìparí ọdún. Àwọn yòókù ṣe fàájì, wọ́n jẹ písà, wọ́n lọ sílé. Èmi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Bí mo bá dijú, kọ́nà ni mò ń rí. Kí oṣù tó parí, mo ti wọ ìdíje alẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe lóṣooṣù ní pápá kan lápá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìkẹ́rù tẹ́lẹ̀ rí. Ohun tó dára nínú irú ìdíje yìí ni pé o kò ní láti ra káàtì, o kò ní láti mọ mẹkáníìkì kankan. Ara rẹ nìkan lo máa gbé lọ, àti owó ìwọlé. Tèmi tún wá pọ̀ díẹ̀ nípa ti ara.

Àlàyé tí wọ́n ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́. Àsíá yẹ́lò: ewu wà níwájú, dín eré kù, má kọjá ẹnikẹ́ni. Búlúù: ẹni tó yára jù ọ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ, yà fún un. Pupa: kí gbogbo ọkọ̀ dúró. Dúdú: ìwọ fúnra rẹ, máa bọ̀, wá gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ pápá ní bọ́tìnì kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi lè dín eré gbogbo káàtì kù lẹ́ẹ̀kan náà. O lè máa tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi lu, tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì yẹn, ó parí náà nìyẹn.

Lẹ́yìn àlàyé, wọ́n á mú nọ́ńbà. Káàtì tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lo máa wà. Kò sí méjì nínú wọn tó rí bákan náà: bíréèkì èyí le, sítíàrì tọ̀hún ń fà sí apá kan, ẹ́ńjìnnì òmíràn ti gbó. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pàṣípààrọ̀ káàtì láàárín eré kan sí èkejì, kí oríire àti oríburúkú lè kárí. Síbẹ̀, ní yàrá tí a ti ń bọ́ aṣọ, káàtì ló máa ń jẹ̀bi. N kò tíì rí ẹni tó ṣe ipò kẹwàá tó gbà pé ọwọ́ òun ni.

Kí n tó wọ inú tèmi ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ ra ilẹ̀ pápá. Kọnkéré ni, wọ́n ti fi ọ̀dà dídán kùn ún. Ojú ọ̀nà tí gbogbo awakọ̀ ń tọ̀ ti dúdú nítorí rọ́bà táyà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé ìka lé e, ó dì mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀. Mo sún ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìn rárá, eruku lẹ́búlẹ́bú ló bá ìka mi bọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn ni gbogbo eré abẹ́ òrùlé. Tí o bá kúrò lójú dúdú nítorí pé o fẹ́ kọjá ẹnì kan, mọ̀ pé orí yíyọ̀ lo gbé ara rẹ lé. Nígbà òtútù ó tún burú sí i, torí pé táyà kì í tètè gbóná lórí kọnkéré tó tutù. Ìyípo díẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyọ̀kẹ̀rẹ̀.

Mo ti wa mọ́tò ní Ìbàdàn, mo ti wà á l'Ékòó, mo sì mọ bí a ṣe ń fi imú mọ́tò wọ àárín danfo méjì. Kò ràn mí lọ́wọ́. Mò ń fa sítíàrì bí ẹni tó ń ro àmàlà, ìgbòkègbodò pọ̀, ọ̀nà kò tán. Lẹ́yìn eré kan, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pápá sún mọ́ mi. Orúkọ mi tó rí lára ìwé ló jẹ́ kó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Sítíàrì yẹn, ẹ ń bá a jà."

"Ṣé kí n má yí i ni? Kọ́nà mà ni!"

"Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tètè dá a padà. Tí ẹ bá ti rí ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde, ẹ tú u sílẹ̀."

Ó wá mú mi lọ sídìí káàtì kan tó dúró, ó ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́tò ojú títì ní dífù, èyí tó ń jẹ́ kí táyà òde yí ju ti inú lọ nígbà tí mọ́tò bá ń kọ kọ́nà. Káàtì kò ní. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan bá ṣe ń yí ni èkejì gbọ́dọ̀ yí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà òde máa rìn gùn ju ti inú lọ. Tí méjèèjì bá tẹ ilẹ̀, ọ̀kan á máa fa èkejì lẹ́sẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe é dá sí i ni pé nígbà tí o bá yí sítíàrì, táyà iwájú ti inú á rì díẹ̀, férémù á tẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti inú á sì gbéra kúrò nílẹ̀ bíńtín. Ìgbà yẹn gan-an ni káàtì ń yí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá yí i jù, tàbí tí o yí i tí o kò dá a padà bọ̀rọ̀, àwọn táyà iwájú á máa gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, eré á kú. Fún ẹni kílò 64, eré tó kú á tún jí. Fún èmi, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ìfami yẹn, ó di kí n máa ka ilẹ̀kẹ̀ kó tó padà dé.

Bíréèkì náà, ẹ̀yìn nìkan ló wà. Nítorí náà ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí ìlà tààrà ni kí o tẹ̀ ẹ́, kí o sì tú u kí o tó yí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí o ti ń yí, ìdí káàtì á bọ́ síwájú, o máa rí ara rẹ tí o kọjú sí àwọn tó ń bọ̀. Ó máa ń jẹ́ ìran àpéwò fún àwọn tó wà lókè níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò yìí, ṣùgbọ́n kò yé ara mi títí mo fi lọ sí pápá mìíràn tó jẹ́ pé oníná ni káàtì wọn. Àwọn pápá abẹ́ òrùlé tó ń lo oníná ti pọ̀ gan-an báyìí, torí èéfín. Bátìrì mú kó wúwo ju ti oníbẹntiróòlù lọ, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe fẹsẹ̀ kan tọ́tù báyìí ló ti fò, kò ní ká dúró de ẹ́ńjìnnì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò sí ariwo Honda létí mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ táyà. Ní gbogbo kọ́nà tí mo bá wọ̀, táyà iwájú á figbe ta. Ọmọbìnrin kan kọjá mi níbi kọ́nà tó ká ju gbogbo wọn lọ, táyà tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Igbe yẹn ni eré mi tó ń dà nù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí wakọ̀: mo ń dín sítíàrì kù títí igbe á fi dín kù, àkókò mi lórí ìwé sì ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ti oníbẹntiróòlù, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ bó ṣe máa ń rí; sítíàrì á máa gbọ̀n rìrì tí o bá ti yí i jù.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìwọ̀n ara kò já mọ́ nǹkan nínú káàtì, wo ikùn rẹ̀. Kò ní ikùn. Ìwọ̀n ṣe pàtàkì, pàápàá ní pápá tó kún fún kọ́nà kéékèèké tí o ní láti máa dúró kí o sì máa gbéra. Nínú àwọn ìdíje gidi bíi BRKC (British Rental Kart Championship, ìdíje àwọn tó ń fi káàtì àyálò sáré) tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìlú Milton Keynes, ṣe ni wọ́n ń fi òjé kún ti àwọn tó fúyẹ́ kí gbogbo wọn lè dọ́gba, ìyẹn ló sì tọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, lẹ́yìn tí àwa oníkùn ti kùn títí, wọ́n ya ojú ìwé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ju kílò 90 lọ. N kò yọ̀ pọ̀ sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n na ẹni kílò 64 kan lójú pápá ju kí wọ́n fún mi ní ife ẹ̀yẹ àwọn oníkùn.

Ní alẹ́ ìdíje àṣekágbá, ipò kẹfà ni àkókò mi gbé mi sí kí a tó gbéra. Méjì nínú àwọn tó wà níwájú mi gbá ara wọn ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìtilẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ku ọmọ kílò 64 yẹn ní ipò kẹta. Mo lé e fún ìyípo púpọ̀. Lójú ọ̀nà tààrà, ó ń lọ fi mí sílẹ̀. Ní bíréèkì, mo ń bá a. Ó mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn, ló bá ń dí inú kọ́nà káká kí n má bàa rí ibi wọlé. Mo jẹ́ kó dí i. Ẹni tó bá gba inú wọ kọ́nà tó ká, ó di dandan kí ó yí sítíàrì gan-an, kó sì jáde pẹ̀lú eré tó ti kú. Èmi gba òde wọlé, mo pẹ́ kí n tó yí, mo gé wá sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo tú sítíàrì sílẹ̀, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo bá ara mi kí a tó dé kọ́nà tó kàn, ìyẹn sì wà ní apá tèmi. Àsíá dúdú àti funfun tó ń kéde òpin eré jáde lẹ́yìn ìyípo méjì sí i. Ipò kẹta.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè ṣí ìdérí ìgò omi, ọwọ́ ti wú. Egungun ìhà mi kọ̀ kí n rẹ́rìn-ín, torí pé ìjókòó káàtì le, gbogbo kọ́nà ló sì máa ń gbá ọ mọ́ ọn. Kí o tó ra akoto tàbí ìbọ̀wọ́ olówó ńlá, ra ohun tí wọ́n ń wọ̀ sí ìhà lábẹ́ aṣọ. Akoto wà ní pápá, wọ́n á yá ọ. Ìhà rẹ, kò sẹ́ni tó máa yá ọ.

Ìdíje oníwákàtí púpọ̀ ló kàn báyìí, awakọ̀ mẹ́ta nínú káàtì kan, ẹni tó bá rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àbúrò ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ti gbà láti wà pẹ̀lú mi, ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kẹta la ṣì ń wá, mo sì ti bá ọmọ kílò 64 náà sọ ọ́. Ó ní òun á kọ́kọ́ bi màmá òun.