Yunifásítì tí ọmọ tó fẹ́ di dókítà yóò ṣí lọ: bí a ṣe yan tiwa

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ní nǹkan bí aago méjì òru, fóònù mi dún ní Ìgbógbó. Àbúrò mi obìnrin ló ń pè láti Houston, níbi tí aago mẹ́jọ alẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Yunifásítì mẹ́ta ló gba ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń parí ọdún kejì ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí ọmọ lè ti ibẹ̀ ṣí lọ sí yunifásítì), ọmọ náà sì ti pinnu pé iṣẹ́ dókítà lòun máa ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ká mú? Wọ́n ní ká fèsì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí."

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì nílé ìwé girama ní Ìkòròdú kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ojú oorun dáhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ti jó wa lọ́wọ́ rí.

Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ ṣí kúrò ní community college. Orúkọ la bá lọ nígbà náà. Yunifásítì tí gbogbo ẹbí mọ orúkọ rẹ̀ ló gbà á. A yọ̀, ìyá wa pa adìẹ. Ìgbà tó débẹ̀ tán ni wọ́n sọ fún un pé kírẹ́dítì 62 (ohun tí àwa ń pè ní unit) tó kó wá, àwọn gbà á pátá, ṣùgbọ́n organic chemistry tó fi odidi ọdún kan ṣe kò bá tiwọn mu, ẹ̀kọ́ àfikún lásán làwọn máa kà á sí. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ó ń tún un ṣe, kò lè ṣe biochemistry lásìkò. Biochemistry sì wà nínú MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò fẹ́ jókòó ṣe é láì tíì kọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ló bá a lọ, pẹ̀lú owó tí àbúrò mi fi iṣẹ́ òru kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà náà yé àwa òbí tó wà nílé. Níhìn-ín, ọmọ a jáde girama, a ṣe JAMB, a wọ MBBS, ọdún mẹ́fà ó di dókítà. Ní Amẹ́ríkà, digirí àkọ́kọ́ ọdún mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ gbà, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fún ọdún mẹ́rin mìíràn. Pre-med tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu wọn, àkójọ ẹ̀kọ́ ni, kì í sábà jẹ́ orúkọ digirí: bàọ́lọ́jì ọdún kan pẹ̀lú láàbù, kẹ́mísírì ọdún kan, organic chemistry, físíìsì, biochemistry, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lè ka ìtàn tàbí orin gba digirí, bó bá ṣáà ti ṣe ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni MCAT, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472, tó sì dópin ní 528.

Ibi ìwọkọ̀ ni yunifásítì tí a ń wá yìí, kì í ṣe ibi tí à ń lọ gan-an. Ẹni tó bá dé èbúté Ìpakòdò láàárọ̀ kì í wo ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán jù kó wọ̀ ọ́. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló máa béèrè, àti ìgbà tó máa gbéra.

Ìgbà tó máa gbéra yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, nítorí àkókò ni ọ̀tá ọmọ tó ń ṣí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ dé yunifásítì tuntun ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ó wọ ọdún kẹta. Yóò gboyè ní oṣù karùn-ún ọdún 2027. Bó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù kẹfà ọdún 2026 ló gbọ́dọ̀ ti fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ sí AMCAS, ilé iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀. Sáà méjì péré ló máa ti lò níbi tuntun. Nínú sáà méjì yẹn ló máa mọ ọgbà, tó máa ṣe ẹ̀kọ́ tó le jù, tó máa ṣe MCAT, tó máa rí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ní ọsibítù, tí àwọn olùkọ́ á sì mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n á fi lè kọ lẹ́tà fún un.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, mo sì dúró lórí ẹ̀: ẹ fi ọdún kan kún un látìbẹ̀rẹ̀. Kó gboyè tán, kó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí láàbù, kó tó wọlé. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àbúrò mi bínú nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe òkúta. Mo ní ọdún tí a bá fọwọ́ ara wa fi sílẹ̀ kò dà bí èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni.

Lẹ́yìn èyí la wá kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan náà la bi wọ́n, mo sì fa ìlà sínú ìwé ńlá kan láti kọ èsì kálukú sílẹ̀.

Ti kírẹ́dítì la kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé "mélòó lẹ máa gbà?" Ìbéèrè yẹn ló tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ béèrè ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀: èyí, kí ló máa dúró fún lọ́dọ̀ yín? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Texas ní ìrọ̀rùn díẹ̀, nítorí wọ́n ní nọ́ńbà àjọlò fún ẹ̀kọ́ ọdún kìíní àti ìkejì: BIOL 1406 àti 1407 ni bàọ́lọ́jì, CHEM 1411 àti 1412 ni kẹ́mísírì. Ọmọ tó wà ní California lè wo ASSIST lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wé ti yunifásítì ìjọba wọn. Síbẹ̀, ẹ béèrè. Kí ọmọ sì tọ́jú syllabus, ìwé tó to ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, fún gbogbo ẹ̀kọ́ tó bá ṣe láti ọjọ́ kìíní, nítorí òun ló máa fi jà bí wọ́n bá kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti da tirẹ̀ nù nígbà tí wọ́n ń kó ilé. Ìyẹn ni kò fi rí nǹkan kan gbé síwájú wọn.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kí ọmọ parí gbogbo sáyẹ́ǹsì ní community college nítorí pé ó dínwó. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan fẹ́ rí i pé ó ṣe dáadáa nínú sáyẹ́ǹsì tó le ní yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Kó ṣe kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò burú. Organic, biochemistry àti bàọ́lọ́jì àgbà, kó fi wọ́n dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ máàkì ló kàn, ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí. Bí ọmọ bá dé yunifásítì tuntun, GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo níbẹ̀, ẹni tó bá ṣubú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á rò pé ìtìjú ti tán. Kò tán. AMCAS á béèrè èsì láti gbogbo ilé ìwé gíga tó ti forúkọ sílẹ̀ rí, títí kan ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Bó bá gba C, tó tún un ṣe, tó gba A, yunifásítì lè fi A rọ́pò C. AMCAS á ka méjèèjì. Wọ́n á tún yọ bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò sọ́tọ̀, wọ́n á ṣírò tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí ọmọ á ti lè gba A, kì í ṣe ibi tí wọ́n á ti bá a díje débi tí kò ní lè mí. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì organic, àti bóyá wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí a kì í sanwó fún. Sáà àkọ́kọ́ máa ń le fún ẹni tó ń ṣí. Sáyẹ́ǹsì méjì ti tó o nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì, ó kéré tán. Àwọn yunifásítì mìíràn ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo ní orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè sọ pé ọmọ kò tíì pẹ́ tó lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ béèrè gbangba: ọmọ tó ṣí wá, ṣé ẹ máa ń kọ fún un? Láàárín ọdún 31 tí mo fi kọ́ni, àwọn ọmọ tí mo lè kọ lẹ́tà fún láì ronú, àwọn tó máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì bá mi fọ burette ni. Kíláàsì ọmọ 300 kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró fọ nǹkan kan.

Ọsibítù gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ti Houston rọrùn, Texas Medical Center wà níbẹ̀, kò sí ibi tí ọsibítù kóra jọ tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà náà dára.

Ti owó: ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn gan-an ló máa gbé gbèsè wá, ẹ má jẹ ẹ́ tán sórí digirí àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá wà nínú Phi Theta Kappa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe dáadáa ní community college, kó béèrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá sì jẹ́ ará Texas kó má fi ìyẹn ṣeré: òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba gba ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fisà akẹ́kọ̀ọ́ rán ọmọ lọ láti Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, mo sì ń fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ti àbúrò mi, fisà lọ́tìrì ló jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ní green card, ìwé ìgbélùú títí láé. Ọmọ tó wà lórí fisà akẹ́kọ̀ọ́, díẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó máa ń gbà á, àwọn kan nínú wọn sì máa ní kó kọ́kọ́ kó owó ọdún mẹ́rin sílẹ̀ sí báńkì kó tó wọlé. Ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀.

Èsì dé. Yunifásítì olórúkọ ní kí a san owó àsansílẹ̀ ná, àwọn á wo ẹ̀kọ́ ọmọ lẹ́yìn náà. Ìkejì, ti ìjọba tó jìnnà sílé, dáhùn ní kíkún, ṣùgbọ́n kíláàsì organic wọn lé ní 300. Ìkẹta wà ní Houston, ọmọ lè máa ti ilé lọ. Wọ́n to ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún un ní olùdámọ̀ràn tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlera nìkan ló ń bójú tó. Ìyẹn la mú. Àbúrò mi sunkún díẹ̀ nítorí orúkọ ti àkọ́kọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọmọ náà pè mí fúnra rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o." Ó ní olùkọ́ organic òun ní kí òun máa wá sí láàbù rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi físíìsì kún organic kejì ní sáà tó ń bọ̀. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló ń lò ní ọsibítù lọ́sẹ̀, ó ní mẹ́fà. Mo ní kó fi físíìsì sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó má sì pa ọjọ́ Ẹtì kankan jẹ.