Wàláà amọ̀ bíi ti ìtàn Gilgamesh: bí ẹ ṣe máa mọ ọ́n, kọ ọ́, kí ẹ sì sun ún

Wàláà amọ̀ 12 ni ìtàn Gilgamesh, ọba Uruk, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Iraq lónìí, gbà. Ìkọkànlá ló sọ ti ìkún-omi. Ẹ̀dà rẹ̀ láti Nínéfè, tó wà ní British Museum, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 13, ó nípọn tó 3. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kó mú ìdajì.

Ẹ rẹ amọ̀ mọ́jú, ẹ sẹ́ òkúta àti gbòǹgbò kúrò, kí ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ yí díẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ ká a mọ́ ìka. Tó bá sán, ó ti gbẹ jù tàbí yanrìn ti pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìféfé etí odò làwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń lò. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí igun rẹ̀ mú náà á ṣe é. Ẹ má fà á bíi gègé, torí á hú amọ̀ sókè. Ẹ tẹ igun rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ gbé e kúrò: orí á fẹ̀, ìdí á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìṣó. Ìṣó kan tó dúró ṣánṣán ni oókan. Ihò onígun mẹ́ta tí ẹ fi ṣóńṣó igun nìkan tẹ̀ ni ẹẹ́wàá. Ẹ tẹ ẹẹ́wàá, kí oókan wà lọ́tùn-ún rẹ̀: nọ́ńbà wàláà ìkún-omi nìyẹn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń da orí rú. A kì í ṣí i bí ìwé. Ṣe la máa ń dojú rẹ̀ dé kí ìsàlẹ̀ di òkè. Níwájú, òpó ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ láti òsì sí ọ̀tún. Lẹ́yìn, ọ̀tún ni òpó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà inú rẹ̀ ṣì ń lọ láti òsì sí ọ̀tún.

Abẹ́ ibòji ni kó ti gbẹ. Oòrùn á mú ìta gbẹ ṣáájú inú, á sì sán. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá ṣì tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, tó bá dé inú iná, oru á fọ́ ọ yángá. Ẹ mú iná lọ díẹ̀díẹ̀ kọjá 600 lórí ìwọ̀n Celsius, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á tún yọ́ ọ.

Àwọn akọ̀wé kì í sábà sun tiwọn. Ogun ló sun ún: nígbà tí Nínéfè jóná ní 612 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n fi ìda pa lójú ṣègbé, amọ̀ tó wà nílé ìkówèésí Ashurbanipal, ọba Ásíríà, wá le sí i. Ilé sì wó lé e. Àfọ́kù ni George Smith, òṣìṣẹ́ British Museum, rí kà ní 1872. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ̀yin náà ṣe. Ibi tí ọ̀kan bá ti fọ́, ẹ wo èkejì, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ẹ̀dà Bábílónì àti ti Uruk dí àlàfo ti Nínéfè.