Ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera abúlé: àṣìṣe tó ń sọ ọ́ di ìjókòó lásán

Bí ẹ bá kó ogójì obìnrin láti àwọn abúlé Ìdó, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà wá sí gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, tí ẹ ka ìwé sí wọn létí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ sì pín ìrẹsì àti sátífíkéètì, ẹ ti náwó, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, bíi télọ̀. Ta ló ń fi etí kọ́ télọ̀? Ètò ìlera Ìbàràpá tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1963 ti fi èyí hàn: Igbó-Ọrà ni wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé, kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ níbi tí aláìsàn wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni ẹni tí wọ́n yàn. Lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, baálẹ̀ sì fa ọmọ rẹ̀ tó ń dúró de JAMB sílẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó ń yára kọ̀wé. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà á wọlé, ó lọ nìyẹn. Àwọn ìyálọ́mọ ni kí ẹ bi léèrè: "Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ilẹ̀kùn ta lẹ máa ń kàn?" Orúkọ tí wọ́n bá dá ni kí ẹ kọ sílẹ̀, bí ó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Ẹ ṣe rẹ́jísítà alàwòrán fún un. Bí gáà Fúlàní bá wà nítòsí, tàbí àgọ́ àwọn Àgàtú tó ń ṣiṣẹ́ oko, ẹ yan ẹnì kan láti ibẹ̀ náà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn kò lè bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè kankan.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó dá ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ọjà ọlọ́rọọrún kò tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà yín: bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè lónìí, Fúráìdè ló kàn. Àárọ̀ kò sì bá àwọn obìnrin gáà lára mu, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé wàrà lọ tà.

Ní ti èdè, ẹni tí ẹ bá kọ́ ní "convulsion" kò ní rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ké gbàjarè sí i pé gìrì mú ọmọ. Ẹ pe gìrì ní gìrì, ẹ pe òtútù àyà ní òtútù àyà. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé fún gìrì. Àwọn kan á dárúkọ àgbo tábà àti ìtọ̀ màlúù. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ bá dójú tì á kàn máa mi orí ni. Ẹ ṣàlàyé pé àgbo yìí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, àti pé ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè má jí mọ́.

Kíka mímí ọmọ ni wọ́n ń kọ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ jù. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó bá mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, mímí rẹ̀ ti yára jù, ó lè jẹ́ òtútù àyà. Fún ọmọ ọdún kan títí tí yóò fi pé márùn-ún, 40 ni. Nọ́ńbà yìí kò ṣòro há sórí, kíkà gan-an ni wàhálà. Olùkọ́ tó ń kánjú á ní kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wò ó: ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ẹ ka 12 fún di 48, ẹ ní kó máa lọ sílé, bó bá jẹ́ 13 lẹ kà, ó di 52, ọmọ di aláìsàn. Mímí kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí wọ́n kà, kí tímà fóònù dún fúnra rẹ̀, kí ojú má kúrò níkùn ọmọ. Kí wọ́n ká aṣọ ọmọ sókè. Bó bá ń sunkún tàbí ó ń mu ọmú, kí wọ́n dúró ná.

Ọmọláńgidi kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ọmọ mẹ́wàá, kí olùkọ́ máa ka ọmọ kan náà lákòókò kan náà láì sọ iye tirẹ̀ síta. Bí iye méjèèjì bá fi ju 2 lọ jìnnà síra, kí wọ́n tún un kà. Olùkọ́ kan kò lè ṣe èyí fún ju èèyàn mẹ́fà lọ. Ẹ wá ro ti ogójì inú gbọ̀ngàn yẹn wò.

ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lítà omi kan ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ti omi kékeré wà, nítorí náà kí wọ́n ka ara rẹ̀ kí wọ́n tó já a. Níbi tí kò bá sí jọ́ọ̀gì ìwọ̀n, píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára á fún yín ní lítà kan, bí kò bá ti jò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ìyá máa bu ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù. Bí ó bá ki jù, iyọ̀ á pọ̀ lára ọmọ. Bí ó bá ṣàn jù, kò ní ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, kí wọ́n dà á nù. Síńkì ń tẹ̀ lé e: 20 mg lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ fún èyí tí kò tíì pé, fún ọjọ́ 10 ó kéré tán, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dá.

Ní ti kíìtì àyẹ̀wò ibà, bí ìlà C, tó ń fi hàn pé kíìtì ń ṣiṣẹ́, kò bá jáde, kíìtì náà ti bàjẹ́, ìlà T, tó ń fi ibà hàn, ì báà hàn gbangba. Ìlà T tó rí fẹ́lẹ́, ibà ni. Ohun tí wọn kì í fi kọ́ni ni ọ̀rọ̀ ẹnu: kí ni wọ́n máa sọ fún ìyá tó ń bínú pé, "Ara ọmọ mi ń jó, ẹ ní kò sí ibà"? Ẹ ṣe é bí eré ní kíláàsì títí ẹnu wọn á fi já a, torí bí wọn ò bá rí èsì fún un, oògùn ibà ni wọ́n máa fún un kó lè lọ.

Ẹ má sì fi gbogbo iṣẹ́ CHEW (Community Health Extension Worker, òṣìṣẹ́ ìlera tó kàwé iṣẹ́ náà) há wọn lórí. Ọdún mẹ́ta ni CHEW fi ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dá ṣáká ti tó, pẹ̀lú àmì ewu tó fi yẹ kí wọ́n gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. CHEW tó sún mọ́ abúlé wọn jù gbọ́dọ̀ wà níbi ẹ̀kọ́ náà, òun ni wọ́n máa pè.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí ni kí wọ́n gbé àpò oògùn lọ sílé. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ tí wọn kò lò fún oṣù mẹ́ta ti lọ. Láàárín oṣù kan, kí CHEW yẹn bẹ̀ wọ́n wò, kó wo bí wọ́n ṣe ń ka mímí ọmọ kan níṣojú rẹ̀, kó sì fi rẹ́jísítà wé oògùn tó kù. Bí ìwé bá ní ọmọ mẹ́jọ gba ORS, tí páálí sì ṣì kún, kó rọra jókòó bi wọ́n léèrè kí ló ṣẹlẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí.