Bí Ẹgbẹ́ Olùwádìí Ṣe Lè Bójú Tó Kóòdù Tí Wọ́n Jọ Ń Lò

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí kì í pẹ́ nínú ẹgbẹ́: á gboyè, á kó ẹrù rẹ̀, á lọ. Kóòdù tó kọ ló yẹ kó dúró, torí òun ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé. Tó bá wá jẹ́ orí àkáǹtì ara rẹ̀ ló kó o sí, ọjọ́ tó lọ ni ọ̀nà já.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Nínú àwọn ìkànnì tí a ń kó kóòdù pamọ́ sí, GitHub ń pè é ní organization, GitLab ń pè é ní group. Ó kéré tán, kí ẹni méjì ní àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀, kí ọ̀gá tó ń darí ìwádìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ bi yunifásítì yín bóyá wọ́n ní GitLab tiwọn. Bí ìwádìí yín bá kan àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ẹ má fo ìbéèrè yìí rárá.

Ẹ ya repo (àpótí tí kóòdù àti ìtàn rẹ̀ wà) sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. "rainfall-model" yé èèyàn. "New-code-2" kò yé ẹnikẹ́ni. Kí README, ìyẹn fáìlì àlàyé, wà nínú gbogbo wọn: kí ni kóòdù yìí ń ṣe, ibo ni a ti ń rí dátà rẹ̀, àṣẹ wo la máa tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ta ni ká bi? Ẹ kọ package (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí ẹ lò àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, nínú requirements.txt fún Python tàbí renv.lock fún R.

Dátà ńlá kò gbọdọ̀ wọ inú repo. GitHub kì í gba fáìlì tó bá ju 100 MB lọ. Ẹ kó o síbòmíràn, kí ẹ kọ orúkọ fódà rẹ̀ sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú repo. Pásíwọ́ọ̀dù àti API key (kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí kóòdù fi ń wọlé sórí iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló léwu jù. Git, ètò tí GitHub àti GitLab ń lò, ń tọ́jú gbogbo ìtàn iṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá pa fáìlì náà rẹ́ lónìí, ẹni tó bá wo commit (àkọsílẹ̀ àtúnṣe) àná á ṣì rí i. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sáré fagi lé key náà níbi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ tó máa ro bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn repo.

Ó wá ku iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ dáàbò bo ẹ̀ka main, ìyẹn ojúlówó ẹ̀dà kóòdù náà, kí ẹnikẹ́ni má lè ti kóòdù sínú rẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe á ya ẹ̀ka tirẹ̀:

git switch -c fix-missing-dates
git commit -am "Yọ ìlà tí kò ní ọjọ́ kúrò kí a tó ṣírò ìpíndọ́gba"
git push -u origin fix-missing-dates

Á wá ṣí pull request, ìyẹn ìbéèrè pé kí a gba àtúnṣe náà wọ main, ẹlòmíràn á kà á kó tó wọlé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ inú commit yẹn dáadáa. Ká ní "àtúnṣe" lásán ló kọ, ẹni tó bá ń wá ìdí tí àbájáde fi yí padà kò ní rí nǹkan kan dì mú. Kí pull request kéré. Bí ìlà 1,000 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n máa fojú fò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà gbọ́dọ̀ máa ka kóòdù àwọn àgbà. Mo gba èyí gbọ́ gidigidi: ibi tí kò bá ti yé e, ibẹ̀ náà ni kò ní yé ará ìta.

Bí àpilẹ̀kọ bá fẹ́ jáde, ẹ so repo mọ́ Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí tí CERN ń bójú tó, kí ẹ tó ṣe release (ẹ̀dà tí ẹ sàmì sí láti gbé jáde), kí kóòdù tí ẹ lò gan-an lè gba DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà. Ẹ fi CITATION.cff sí i, tó ń sọ bí a ṣe máa tọ́ka sí kóòdù náà, àti LICENSE, tó ń sọ bí a ṣe lè lò ó. Láìsí LICENSE, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò fún àwọn ẹlòmíràn láyè láti lo kóòdù náà fàlàlà, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń rí i.

Nígbà tí ẹnì kan bá ń múra àtilọ, ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà tí kóòdù náà kò sí lórí rẹ̀ rí. Kó clone rẹ̀ (kó da repo náà kọ sórí kọ̀ǹpútà yẹn), kó tẹ̀ lé README títí àwòrán àkọ́kọ́ inú àpilẹ̀kọ á fi jáde. Ibi tó bá ti há, ẹni tó ń lọ ni kó tún README ṣe níbẹ̀, nígbà tó ṣì wà nítòsí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gba àṣẹ àtikọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi repo tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́ sí archive, níbi tí a ti lè kà á ṣùgbọ́n tí a kò ní lè yí i padà.