Bí A Ṣe Ń Gbin Ewúro Tí Ọ̀pá Rẹ̀ Kì Í Kú

Ewúro kò ṣòroó gbìn. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé káàkiri Súrùlérè àti Mushin, ẹ ó rí ọ̀pá ewúro tó gbẹ sórí ìdúró. Wọ́n á ní ilẹ̀ ni kò dáa. Irọ́ ni, ọwọ́ ẹni tó gbìn ín ni.

Àsìkò òjò ni kí ẹ gbìn ín, oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló wù mí jù. Ẹ má ra irúgbìn. Ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ yóò rà. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń dà bí eérú, tó nípọn tó àtàǹpàkò, ni kí ẹ gé, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ re gbogbo ewé rẹ̀ dànù.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé. Bí ọ̀pá bá ti kúrò lára igi, èèyàn kì í mọ orí yàtọ̀ sí ìdí mọ́. Bí ẹ bá sì dorí rẹ̀ kodò, ẹ lè wọ́n omi títí, pàbó ni. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ rárá, ẹ gé ìdí rẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ̀, kí ẹ gé orí ní pẹrẹsẹ. Ẹnu ṣonṣo ló ń wọlẹ̀. Bó bá ti dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wo àpá ibi tí ewé ti já: ojú tó fẹ́ rúwé máa ń wà lókè àpá náà. Ọ̀bẹ ìdáná tí ẹ pọ́n dáadáa ni kí ẹ lò. Àdá tó kú á fọ́ ìdí ọ̀pá, ibẹ̀ ni yóò ti máa rà.

Ẹ rì í bọlẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí.

Láìpẹ́, ewé wẹ́wẹ́ á yọ. Inú wọn á dùn, wọ́n á fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Oúnjẹ inú ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni ewé yẹn ń jẹ. Gbòǹgbò lè má tíì sí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á sì já. Ẹ fi sílẹ̀ fún bí oṣù kan. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i pẹ̀lú, ó máa ń jó o. Èyí tó ti jẹrà ni kí ẹ lò, ìyẹn tó bá ti gbilẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ ò ní ju kọnkéré lọ, rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 tó; àwọn pẹ́ńtà ń jù ú nù. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, torí omi tó bá dúró síbẹ̀ ló ń pa á. Ẹ má lọ bu yanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Bó bá ga dé ìbàdí, ẹ gé orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Bó bá fẹ́ tanná, ẹ gé òdòdó náà. Lọ́dọọdún tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, èmi máa ń gé gbogbo rẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé lulẹ̀, ẹ fún ẹni tó bá tọrọ, ṣùgbọ́n ẹ bá a gé ìdí rẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e lọ.