Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀: ẹ má tíì ṣíná sí i

Bí ọkọ̀ bá ti dúró ju ọdún kan lọ láì ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò. Ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò lára ògiri sìlíńdà, ríìngì písítìnnì (òrùka irin tó yí písítìnnì ká) sì lè ti dípẹtà mọ́ ọn. Tí ẹ bá wá gbé bátìrì tuntun sí i, tí ẹ sì yí i lójijì, ríìngì lè ṣẹ́, tàbí kí ó fa ojú sìlíńdà ya. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ba ẹ́ńjìnnì tí kò ní àìsàn kankan jẹ́.

Ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ ìdọ̀tí ìdí pọ́lọ́ọ̀gì (èyí tó ń ta iná sí epo nínú sìlíńdà) dànù, kí ẹ tó tú gbogbo wọn. Ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe yọ wọ́n. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dúdú tó sì gbẹ, epo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń gba ìdí ríìngì tàbí fáàfù (ìdérí tó ń ṣí, tó ń pa ẹnu ọ̀nà sìlíńdà) wọlé. Èyí tó bá dípẹtà, omi ti dé sìlíńdà yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ fojú sí.

Ẹ da ọ́ìlì jíà ọ̀tọ́mátíìkì, ṣíbí kékeré 2, sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ kejì. Bí ìpẹtà bá ti hàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi há táyà, ẹ fi jíà sí fíríì, ẹ wá fi sípánà mú bóòtù tó wà lórí kíráńkì (ọ̀pá tí písítìnnì ń yí), kí ẹ fi ọwọ́ yí i síhà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Odindi ìyípo 2 gbọ́dọ̀ lọ geere. Tó bá há, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún ọ́ìlì dà sí i, ẹ dúró. Ẹ má fi páìpù gùn sípánà. Bóòtù yẹn lè ṣẹ́. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń dúró sí gbọn-in, ó lè jẹ́ fáàfù ló há. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò.

Tí ẹ́ńjìnnì náà bá ń lo bẹ́líìtì táímìnnì (rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnnì bá ara wọn rìn), ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. Rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn, tó bá sì já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnnì á lu fáàfù.

Ẹ gbọ́ òórùn ọ̀pá géèjì ọ́ìlì. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ó lè jẹ́ pé awọ inú pọ́ǹpù epo ti ya, epo sì ń jò sínú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ kúrò: omi ló máa kọ́kọ́ jáde tí ó bá wà níbẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá funfun bíi mílíìkì, ẹ dúró ná, ẹ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wò. Bí kò bá sí wàhálà, ọ́ìlì tuntun àti fílítà tuntun.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé táńkì àtijọ́, ìpẹtà inú rẹ̀ ló ń dí ihò kábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn). Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré pẹ̀lú epo tuntun bọ́ pọ́ǹpù, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo. Ẹ bu omi kún rádíétọ̀ pẹ̀lú.

Pọ́lọ́ọ̀gì ṣì wà níta. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, ẹ gbé epo jìnnà síbẹ̀. Ẹ yí sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú kan, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ́ìlì tí ẹ dà sí i tẹ́lẹ̀ á tú jáde látinú ihò, ẹ fi àkísà bò ó. Ìgbà yìí la tó ń dá pọ́lọ́ọ̀gì padà.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣíná, ohun èlò panápaná nítòsí. Èéfín díẹ̀ á wà lákọ̀ọ́kọ́, kò burú. Tí èéfín funfun kò bá dá, tí rádíétọ̀ sì ń dín, omi ń wọ sìlíńdà. Bí iná ọ́ìlì bá sì tún tàn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tíì gbé ọkọ̀ náà lọ síbì kankan: ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra, sìlíńdà táyà sì lè ti há. Bíréèkì ló kàn.