Bí ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ bá ti kó lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni tó jẹ yín lówó bá ti kó kúrò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kọ́ọ̀tù lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ wá ní ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹjọ́ tó dára lè tibẹ̀ dàrú. Ẹ jẹ́ kí bélífù, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń fún èèyàn níwèé ìpè, lọ síbẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti aago tó débẹ̀, àti ohun tí wọ́n sọ fún un lẹ́nu géètì. Àkọsílẹ̀ yẹn ni lọ́yà yín máa fi tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, kí wọ́n lè lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé tó gbé kẹ́yìn, tàbí kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ẹ gba àṣẹ ná o! Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, ẹ ya fọ́tò tí nọ́ńbà ilé ti hàn.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti pè é, tó sì ti kó lọ sí Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ̀ka 97 òfin Sheriffs and Civil Process, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn níwèé kọ́ọ̀tù, ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpè náà pé ẹ̀yìn ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti máa fún un. Ẹ ní kí lọ́yà yín wò ó dáadáa kí ìwé tó kúrò ní kọ́ọ̀tù.